Àbẹ̀kẹ́, ta ló fún ẹ lówó iPad?

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ti pè ẹ́ títí, nọ́ńbà ẹ ò lọ. Mẹ́sééjì tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, máàkì kan ṣoṣo ló ṣì wà níwájú ẹ̀. Mọ́mì ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní bóyá iná ni ò sí ní Samaru, ní Zaria lọ́hùn-ún. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ mo pàdé màmá ọ̀rẹ́ ẹ, èyí tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá kan, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ń kí mi kú oríire, wọ́n ní ọmọ àwọn ló sọ fún àwọn pé o ti ra iPad, pé bírò ẹ̀ funfun báyìí, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ṣé mà, a dúpẹ́. Láti ìgbà yẹn oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi dáadáa. Ìdí tí mo fi fi lẹ́tà yìí sí ímeèlì ẹ nìyẹn, tó o bá ní iPad lóòótọ́ wàá rí i lórí ẹ̀.

Ta ló fún ẹ lówó? Èmi ò tíì fún ẹ. Mọ́mì ẹ ò fún ẹ, mo ti bi í. Ẹ̀gbọ́n ẹ tó wà ní Kàdúná ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ọkùnrin kan ló rà á fún ẹ, a máa jókòó sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn, mi ò tíì múra ẹ̀. Èyí tó ń dà mí láàmú jùyẹn lọ ni àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù. Jọ̀ọ́, má sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ wọn lo lọ.

Ilé dáa. Táǹkì omi tún ti ń jò, plọ́ńbà tó wá ṣe é gbowó tán, omi ò dá. Lándílọ́ọ̀dù ti ń sọ̀rọ̀ àfikún rẹ́ǹtì. Àbúrò ẹ yege nínú Maths, a ò mọ bó ṣe ṣe é.

Kì í ṣe pé mo ní kó o má ra tábúlẹ́ẹ̀tì o. Ẹni tó ń ka Architecture nílò nǹkan tó lè fọwọ́ yàwòrán lé, ìwọ náà ṣáà mọ iṣẹ́ tí mo fi tọ́ yín. Rotring, bírò oníyíǹkì, la fi ń ya pláànù nígbà yẹn, lórí tracing paper, tí yíǹkì bá ti kán síbi tí kò yẹ, bíléèdì lo máa fi rọra ha á, tó o bá wá ha á jù, bébà á lu, o tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Torí ẹ ni mo ṣe lọ sí Banex, pláásà tí wọ́n ti ń ta fóònù ní Abuja, fúnra mi lóṣù tó kọjá, mi ò sọ fún ẹ, mo lọ dúró ti àwọn ọmọ tó ń tà á, mo ní kí wọ́n jẹ́ n dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rò pé bàbá kan tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Ṣé o rántí pé pláásà yẹn náà ni wọ́n tì pa lóṣù karùn-ún 2024, nígbà tí ọ̀rọ̀ fóònù kan di ìjà láàárín àwọn ontàjà àti ṣọ́jà? Fóònù ẹyọ kan o. Nítorí náà, ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi béèrè gbogbo ìbéèrè mi.

Ohun tí mo rí ni pé bírò ló ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo ojú gíláàsì wọ̀nyí ló ń gbọ́ ìka, torí iná mànàmáná fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú ẹ̀ máa ń mọ̀ tí awọ ara bá kàn án. Kódà bírò onírọ́bà tí wọ́n ń tà létí títì á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, àmọ́ ìka lásán nìyẹn, kò mọ̀ bóyá o tẹ̀ ẹ́ líle tàbí o kàn fọwọ́ bà á. Bírò gidi, tó o bá tẹ̀ ẹ́, ìlà á sanra, tó o bá fọwọ́ fúyẹ́, á tín-ín-rín. Tó o bá sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì bó o ṣe ń gbé e lé bébà, àtẹ́lẹwọ́ ò gbọdọ̀ máa ya tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ti Samsung tí wọ́n ń pè ní S Pen, kò nílò bátìrì láti yàwòrán, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ló ń fún un lágbára, iṣẹ́ Wacom, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú bírò bẹ́ẹ̀, ni. Fún ọmọ tó ń gbé Samaru, níbi tí iná ti ń ṣe bó ṣe wù ú, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Galaxy Tab S6 Lite, èyí tó jáde ní 2020, inú páálí ẹ̀ ni bírò wà, o ò ní tún san owó ẹ̀ lọ́tọ̀.

Ti Apple, ọ̀tọ̀ lo máa ra bírò, o tún máa sáàjì ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo bírò ló ń bá gbogbo iPad mu. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2018 tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, iPad olówó pọ́ọ́kú ò gbà á. Èyí oní-USB-C tó jáde ní 2023, òun náà ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, àmọ́ kò mọ líle, kò mọ fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tó ń yàwòrán ń wá gan-an nìyẹn. Àwọn ayédèrú náà wà tí wọ́n ń pariwo pé ó bá gbogbo ẹ̀ mu. Funfun ni gbogbo wọn. Nítorí náà, èwo lo rà? Ká tiẹ̀ gbà pé o ti rà á, èwo ni?

Àti Revit, sọ́fítíwíà ìyàwòrán ilé tó o ní ẹ máa lò fún pírójẹ́ẹ̀tì, ṣé o mọ̀ pé kò sí lórí iPad? Windows ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn fi ThinkPad Yoga tòkunbọ̀ kan hàn mí, láptóọ̀pù ni, o máa yí ojú ẹ̀ padà sẹ́yìn ó di tábúlẹ́ẹ̀tì, bírò ẹ̀ wà nínú ihò kan lára ẹ̀ níbẹ̀, o kàn máa fà á yọ ni. Ó wúwo díẹ̀. Bátìrì ẹ̀ náà ti ń darúgbó. Àmọ́ òun lọkàn mi lọ bá. Tí ìyẹn bá sì wọ́n jù, Wacom ní pátákó kékeré kan tí kì í gbé àwòrán jáde, o máa kì í bọ USB láptóọ̀pù tó o ní nílẹ̀, ọwọ́ ẹ ń yà á nísàlẹ̀, ojú ẹ ń wò ó lókè. Ó máa kọ́kọ́ sú ẹ. Ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ojú máa tì ẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ tó ń gbé iPad kiri. Kó tì ẹ́. Ó sàn ju kéèyàn máa yáwó torí ẹgbẹ́ lọ, àbí irú ọmọ wo ni mo bí?

Má bínú. Ọmọ dáadáa ni mo bí, mo mọ̀.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lo rà, ṣe nǹkan kan fún mi. Gbé rúlà lé ojú ẹ̀, fi bírò fa ìlà láti igun òkè lọ sí igun ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, má sáré. Tí ìlà yẹn bá ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì ẹ̀ sí èyí tí kò dáa, ìka á máa ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀, bírò ni ò ní ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn kó o padà lọ bá ẹni tó tà á, kó pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́ lójú ẹ, kẹ́ ẹ jọ tún un tò látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dátà. Tó bá ń béèrè ímeèlì ẹlòmíì, dá a padà fún un níbẹ̀ kó o gbowó ẹ. Láti 2013 ni Apple ti fi irú àgádágodo yẹn sí i, tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ò bá yọ orúkọ ẹ̀, kò ní ṣí fún ẹ. Ẹlòmíì sì rèé, olè ló jí i fún un tà. Mi ò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá máa béèrè ẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Gbogbo ìyẹn ò tó nǹkan sha, tí owó yẹn bá jẹ́ tàwọn áàpù. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ ni gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ẹ, o máa tẹ yes láìkà á. Wọ́n á yọ owó kan kúrò nínú ẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹ, èlé á sì máa gun orí gbogbo ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ò ní pé tí wọ́n á ti máa pè. Tí o ò bá gbé e, wọ́n á pe pásítọ̀, wọ́n á pe ẹni tó ń ta gáàsì. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ láti 2022, àwọn kan forúkọ sílẹ̀, àwọn kan ò forúkọ sílẹ̀, tí wàhálà bá dé tán lo máa tó mọ èyí tó o bá ṣe.

O máa ní báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n tó báyìí.

Àbẹ̀kẹ́, owó tí mo sọ fún ẹ pé ó wà ní kóópù, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan gbé pláànù ilẹ̀ kan wá bá mi, lápá Kuje, mo wò ó, nọ́ńbà béákìnì, òkúta ààlà ilẹ̀, wà níbẹ̀, sítáńpù wà níbẹ̀, ìlà ẹ̀ mọ́ tónítóní, bí èmi gan-an ì bá ṣe yà á. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn, mi ò lọ wádìí ilẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Kí mọ́mì ẹ má baà mọ̀, mo yáwó lórí fóònù láti fi dí ibẹ̀, mo ní ma san án kíá, nígbà tí kò wá ṣeé san, mo yá òmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí mo ní kó o ní sùúrù, pé owó ọjà ń bọ̀ wá wálẹ̀, kì í ṣe owó ọjà ni mò ń dúró dè. Bí mo sì ṣe ń ti bírò kan dé bírò kan ní Banex yẹn, mo mọ̀ pé n ò lè ra ìkankan nínú wọn.

Wọ́n ti fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn, wọ́n kọ OLÈ sí i lára. Nọ́ńbà ẹ wà nínú fóònù mi. Ohun tí mo ń rò láti ìjẹta nìyẹn, pé bóyá o ti rí i, bóyá torí ẹ lo ṣe pa fóònù, tí o ò mọ bí o ṣe fẹ́ bi bàbá ẹ ní irú ẹ̀. Tàbí o ti mọ̀ pé tèmi ò ní wá, o wá lọ wá tìẹ níbi tí èmi náà ti wá a.

Ma sọ fún mọ́mì ẹ kí n tó sùn lónìí. Má bá mi sọ ọ́.

Ìwọ náà sọ tìẹ. Tó bá jẹ́ áàpù ni, fi orúkọ ẹ̀ àti iye tó kù ránṣẹ́ sí mi, má yá òmíràn láti fi san án. Tí wọ́n bá ṣì lè gba iPad yẹn padà, dá a padà, tí wọn ò bá gbà á, kò burú, máa lò ó, a jọ máa wo bá a ṣe máa san án. Tó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ lo ṣe, pé ò ń yàwòrán fáwọn èèyàn lo fi kówó jọ, á jẹ́ pé mo ti sọ̀rọ̀ sí ẹ láìdáa, kó o dárí jì mí.

Mọ́mì ẹ fi gààrí, èlùbọ́ àti ata gígún rán dérébà tó máa ń gbé ẹrù yín, Thursday ló máa dé Zaria. Fóònù ẹ ò lọ, báwo ló ṣe máa rí ẹ? Fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí mi, àti fọ́tò rìsíìtì iPad yẹn.

Èmi ni,
Bàbá ẹ.