Bàtà tí o fi ránṣẹ́ ti jáde nínú páálí

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ọ, àmọ́ ojú ń tì mí láti sọ pé bàtà ìrìn tí o fi ránṣẹ́ ṣì wà nínú páálí. Ó ti jáde báyìí o! Ẹrẹ̀ ti kún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

O mọ̀ mí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìrìn lọ́jọ́ Ajé, wákàtí kan gbáko ni. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, itan á ti máa ro mí, màá fo ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan yẹn ló máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Màá ní ó ti bọ́, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ á sì di oṣù. Mo ń pariwo pé mi ò ráyè, bẹ́ẹ̀ ọkàn mi ló ti rẹ̀wẹ̀sì.

Àtẹ̀gùn ilé wa ló ta mí jí. Mo gbé àbíkẹ́yìn mi tó ti sùn, mo gùn ún dé ìdajì, èémí ò tó mi mọ́, mo bá jókòó síbẹ̀. Ọmọ lajú, ó ní, "Mọ́mì, ṣé kí n sọ̀kalẹ̀?" Mi ò lè dáhùn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti fọ eyín tán, bàtà ló kàn. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni mo gbé e sí. Mi ò dúró kó wù mí mọ́. Bí òjò bá ń rọ̀, pálọ̀ sí yàrá ni màá máa rìn lọ rìn bọ̀. Mo kà nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní University College London, tó jáde ní 2009: ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ 66 ni nǹkan tuntun fi ń di bárakú, ti ẹlòmíràn lè yá, ti ẹlòmíràn lè pẹ́ gan-an, àti pé fífo ọjọ́ kan ṣoṣo kò ba nǹkan jẹ́. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á. Mo ti lo ọjọ́ 41, mo fo mẹ́fà nínú rẹ̀, mo sì ń padà. Ìṣẹ́jú 150 ló kéré jù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀. Mo ti dé 100.

Àbúrò mi ti bímọ, obìnrin ni, ara tìyá tọmọ le.

Ìyá Ìbejì, nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá, o ní òòyì ń kọ́ ọ, o wá yára bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilé tí ẹ ń kọ́. Mo ti ka ibẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin. O ò sọ pé o lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, lọ lọ́sẹ̀ yìí. Tí dókítà bá ní o lè rìn, jẹ́ ká jọ máa rìn, èmi níbí, ìwọ lọ́hùn-ún, fóònù létí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé aago wa ò bára mu. Sọ èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, màá jí.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí èsì