Sí Olóòtú: Agbára tí kò ní èèwọ̀ kì í bà mí lẹ́rù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo máa ń ka ojúewé fíìmù yín dáadáa, mo sì ti ṣàkíyèsí pé gbogbo eré tí iwin, oṣó tàbí oògùn bá ti wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀ ń yìn. Bó bá ti jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ló ṣe é, tí aṣọ òkè pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì gbé e sórí Netflix, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wí nǹkan kan mọ́. Èmi fẹ́ràn irú ìtàn abàmì bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìfẹ́ tí mo ní sí i ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ni mo ṣe fẹ̀yìn tì níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ṣì ń kàwé, mo sì máa ń bá àwọn ọmọ-ọmọ mi wo ohun tí wọ́n bá ń wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi.

Jagun Jagun ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kan àwa ará Ìjẹ̀bú jù. Fíìmù tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2023 ni. Ohun tó dára níbẹ̀ kò kéré. Ilé ìkọ́ṣẹ́ ogun tí Ògúndìjì dá sílẹ̀, ìyà tí àwọn ọmọ ń jẹ níbẹ̀, bí ọ̀gá ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í jowú ọmọ iṣẹ́ tó mọṣẹ́ jù: ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Gbọ̀tíjà tí Lateef Adédiméjì ṣe náà wọ̀ mí lọ́kàn, ọmọ tó ń bá igi sọ̀rọ̀ tí igi sì ń dá a lóhùn. Agbára rẹ̀ níbi tó ti wá.

Ṣùgbọ́n wọ́n mú jagunjagun kan wọ inú eré náà, wọ́n bò ó lójú, Ògúndìjì ń rán an níṣẹ́ ikú, wọ́n wá sọ ọ́ ní Agẹmọ. Ẹ dákun, ẹ bi ọmọ Ìjẹ̀bú èyíkéyìí ohun tó ń jẹ́ Agẹmọ. Òrìṣà tó ń jáde bí eégún ni, mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, láti ìlú kan sí èkejì nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, oníkálùkù pẹ̀lú oyè àti oríkì tirẹ̀. Lóṣù keje ọdún ni wọ́n máa ń jáde. Obìnrin kì í rí wọn. Obìnrin ni mí, ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí ni mo ti di ìyá àgbà. N kò rí Agẹmọ rí, n kò sì ní rí i títí n ó fi re ibi àgbà ń rè.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ọjọ́ tí wọn yóò gba àdúgbò wa kọjá bá pé, a ó ti ra ohun ọbẹ̀ sílé sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn á wà ní títì, fèrèsé á wà ní pípadé, ìyá mi á tún fi ìró kan bo ojú fèrèsé náà. Ìkọ́kọrẹ́ ló sábà máa ń wà lórí iná lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìró wọn bá ti ń bọ̀ lókèèrè, ìyá mi á rọra yọ orógùn kúrò nínú ìkòkò, á gbé e sórí àwo, kó má baà kan ara ìkòkò dún. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń gbọ́ níta kò ju ẹsẹ̀ àti ohùn ọkùnrin lọ, síbẹ̀ gbogbo irun ara mi á dìde. Mo ti wo fíìmù ẹ̀rù tó pọ̀ láyé mi, ti òyìnbó, ti Íńdíà àti tiwa. Kò tíì sí ọ̀kan tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Nínú Jagun Jagun, kámẹ́rà ń wo Agẹmọ láti orí dé ẹsẹ̀, àwa òǹwòran, tọkùnrin tobìnrin, sì ń wò ó. Ohun tó ti ṣeé wò bẹ́ẹ̀, alágbára lásán ni. N kò sọ pé kí wọ́n má lo orúkọ wa o. Ìtàn àròsọ ni, ẹni tó ń pìtàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mú nǹkan níbi tó bá wù ú. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé wọ́n mú orúkọ, wọ́n fi èèwọ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ yẹn gan-an ni ìtàn tó wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo irú eré tí ì bá jẹ́, ká ní inú ilé la bá obìnrin kan wà, tí kámẹ́rà kò jáde síta rárá, tó jẹ́ pé à ń gbọ́ lásán ni, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà níta tí kò tíì wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyẹn, òun ni mo sì fi ń díwọ̀n gbogbo yòókù. Mo máa ń bèèrè pé agbára tó wà nínú ìtàn yìí, kí ni èèwọ̀ rẹ̀, kí ló sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó?

Ẹ jẹ́ ká fi wo Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe, tó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Sárò, ahunṣọ tó wá ṣe àtìpó ní Ọ̀yọ́, ń fẹ́ Arólákẹ́, olorì ọba, ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n lù ú pa sínú igbó, ẹyẹ Àkàlà wá jí i dìde. Arólákẹ́ ló gba àdó agbára tí a fi ń jí òkú lọ́wọ́ ẹyẹ, kì í ṣe Sárò. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Ohun tí ọkùnrin náà fi ń gbéra ga, obìnrin ló fi ẹ̀mí wéwu kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, obìnrin náà ló sì gbà á padà nígbà tí ojú rẹ̀ gbó tán. Bimbo Adémóyè tó ṣe Arólákẹ́ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ibi tí mo ti bínú ni àárín eré náà. Sárò jí òkú kan, ó jí òmíràn, ó di olówó, ó fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, kò sì sí ohun tó ná an. Ikú tó jẹ́ gbèsè gbogbo ayé, a kò gbọ́ pé ẹnì kan bi í pé ta ni yóò san tẹni tó jí yìí. Ọkàn mi kò balẹ̀ títí eré náà fi parí.

Nígbà tí apá kejì wá jáde gẹ́gẹ́ bí eré alábala mẹ́fà lóṣù kẹta ọdún 2024, mo rí i pé wọ́n ti ro ohun tí mo rò. Sárò kò rí ọ̀nà wọ ọ̀run, ó di dandan kó dá àwọn tó ti jí padà síbi tó ti mú wọn. Háà! Ìdájọ́ tó péye nìyẹn. Ẹni tí o jí tó ti bímọ lẹ́yìn náà ńkọ́? Ìyá tó ti jó ijó ọpẹ́ ńkọ́? Èyí nìkan tó eré mẹ́fà. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ọ̀rọ̀ ààfin, ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ ogun pọ̀ mọ́ ọn, títí Sárò fúnra rẹ̀ fi di àlejò nínú ìtàn ara rẹ̀. Ó dùn mí.

Túndé Kèlání ti fi ọ̀nà hàn wá ní 1999 nínú Ṣaworoidẹ. Wọ́n kọ́kọ́ sọ òfin fún wa ní kedere: ọba gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú mulẹ̀ lójú ìlù tó ń jẹ́ ṣaworoidẹ; ẹni tí kò bá ṣe é, tó dé adé, tí wọ́n sì lu ìlù náà, yóò kú. Lápité tó fẹ́ jọba kọ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ìgbà tó bá dé adé ni àyà mi ń já, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lu ìlù. Nígbà tí ìlù wá dún, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó pa ẹni tó dé adé. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò lè tó ìdá kékeré nínú tòde òní.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní kí n wo House of the Dragon, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mo sì wò ó. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ ohun tí mò ń wí yìí, ó kéré tán nínú apá kìíní tó jáde ní 2022. Ní ìparí rẹ̀, ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Aemond gun Vhagar, drágónì arúgbó ńlá, ó ń lé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri nínú òjò lójú ọ̀run. Ó kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni. Ẹranko náà kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ó fi eyín gé ọmọ náà àti drágónì rẹ̀ já. Ojú tí Aemond ṣe lẹ́yìn náà ni mo ń wò: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ń gùn kì í ṣe tòun. Apá kejì ní 2024 kò dé ibẹ̀ rárá. Abala mẹ́jọ ni wọ́n fi ń pọ́n idà, wọ́n sì pa iná nígbà tí ogun fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ìwé. Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ ní 2018 ni àwọn ọ̀dọ́ ń kà jù, apá kẹta rẹ̀ sì jáde ní 2024. Ọmọbìnrin inú rẹ̀, Zélie, ní agbára tó lè pa òun fúnra rẹ̀ bó bá fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pè é. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé Ìlọrin sórí omi òkun, abúlé tó léfòó! Mo mọ̀ pé ayé mìíràn ni ó ń dá, síbẹ̀ mo fẹ́ kí ìlú tó bá mú orúkọ rẹ̀ fi ohun kan hàn mí tó jẹ́ ti ìlú náà. Àwọn ọfọ̀ inú rẹ̀ náà, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n jọ. Ọfọ̀ tiwa kì í bẹ̀bẹ̀, ìdí ló máa ń sọ: ohun tí a bá wí fún ọgbọ́ ni ọgbọ́ ń gbọ́, ohun tí a bá wí fún ọgbà ni ọgbà ń gbà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ ṣẹ. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ka ìwé náà tán ní òru, ó sì wá bi mí ní àárọ̀ pé ta ni Ọya. Fún ìbéèrè yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Shigidi and the Brass Head of Obalufon ti Wole Talabi, 2023. Ó sọ àwọn òrìṣà di òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, Ṣìgìdì jẹ́ ẹni ìsàlẹ̀ láàárín wọn, ó rẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń bọ ọ́ sì ń dín kù, agbára rẹ̀ náà ń dín kù. Òrìṣà tí ebi àìnígbàgbọ́ ń pa! Lẹ́yìn náà wọ́n rán an lọ jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n gbé nínú British Museum nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ìwọ̀n, ó ní ìnira, ó ní ìdí. Ọ̀rọ̀ iyàrá pọ̀ níbẹ̀ jù, n kò lè fi fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, mo sì fẹ́ kó dín in kù nítorí wọn. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó bá fẹ́ mọ ibi tí irú ìtàn yìí lè dé, kó wá ìwé náà kà.

Gbogbo àwọn ìwé yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní èdè Yorùbá, ó jáde ní 1938. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà-Rẹ́mọ níbí, túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún aráyé. Nígbà yẹn, èdè wa ni ìtàn abàmì ti ń lọ bá òyìnbó. Lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wa fi ń bá Ọya pàdé. N kò dá àwọn òǹkọ̀wé lẹ́bi, ibi tí owó wà ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀yin ìwé ìròyìn Yorùbá ni mo ní ọ̀rọ̀ bá.

Ẹ̀rẹ̀dò wà níbí. Yàrà àti odi tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, àwọn ibì kan wà tí ó ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ìtàn ìlú wa sọ pé obìnrin ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, Bílíkísù Súngbọ́, olówó opó tí kò bímọ, ibojì rẹ̀ sì wà ní Òkè-Ẹ̀rí tí àwọn èèyàn ń lọ kí i. Mo ti dúró nísàlẹ̀ yàrà náà rí. Ẹrẹ̀ tútù ló wà lẹ́sẹ̀ mi, ògiri pupa dúró lọ́tùn-ún lósì, ewé ti bo òkè, ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Ta ni wọ́n ń dí lọ́nà? Kí ni wọ́n gbé sínú, tí kò gbọdọ̀ jáde? N kò tíì rí fíìmù abàmì kan tó béèrè èyí.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ ya apá kan ojúewé yẹn sọ́tọ̀ fún ìtàn abàmì ní èdè Yorùbá, àtẹ̀lé láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, kí àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó ń kọ̀wé ní bòńkẹ́lẹ́ lè fi tiwọn ránṣẹ́. Ẹ san owó díẹ̀ fún wọn. Kí ẹni tó bá sì ń kọ̀wé nípa fíìmù lọ́dọ̀ yín máa wò ó tán kó tó yìn ín.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Olùkọ́-fẹ̀yìntì kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.