Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì, lórí ọ̀rọ̀ Màmá wa

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lóru àná. O ní o gbé ẹ̀kọ wọlé, Màmá wò ọ́ láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ̀ ń wá?" Ìwọ àbígbẹ̀yìn wọn ni wọ́n ń "ẹ" báyẹn. O wá bi mí pẹ̀lú omijé pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Màmá wa náà ṣì nìyí?"

Mi ò rí oorun sùn mọ́.

O rántí pé mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sọ́ńdè Sùkúù. Mo ti sọ fún wọn rí pé Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, tó kú lọ́dún 430, ní inú ọkàn ènìyàn ni àwòrán Ọlọ́run wà: ìrántí, òye àti ìfẹ́. Ó dùn lẹ́nu mi nígbà náà. Mi ò bá bàbá yẹn jà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí mo ṣe là á sílẹ̀ fún àwọn ọmọ lọ. Àmọ́ láti ìgbà tí iyè Màmá ti ń rá, mo rí i pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ àwọn ọmọ yẹn á yọ ìyá tiwa sílẹ̀.

Ni mo bá padà sí Jẹ́nẹ́sísì. "Ní àwòrán Ọlọ́run ni ó dá a, àti akọ àti abo ni ó dá wọn." Kò ka ọgbọ́n mọ́ ọn, kò ka iyè mọ́ ọn. Nígbà tó di orí kẹsàn-án, ẹ̀ṣẹ̀ ti wọ ayé, ìkún omi ti gbá ayé lọ, síbẹ̀ ohun tí Ọlọ́run ń sọ fún Nóà ni pé ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀ yóò jíhìn, nítorí àwòrán yẹn. Àbúrò mi, ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ ò lè pa rẹ́, ṣé ìgbàgbé ló máa pa á rẹ́?

Lóṣù tó kọjá tí mo wá, Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi àtàǹpàkò họ etí ìró wọn. Mo rò pé òwú ni wọ́n ń já. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó! Wọ́n á bó o, wọ́n á da èèpo sápá kan, èèpo tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n nawọ́ òfìfo sí mi, wọ́n ní, "Gbà, ọmọ dáadáa, mú un lọ fún ìyá rẹ." Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́wọ́ méjèèjì gbà á.

Má rò pé ọwọ́ tó ń fúnni yẹn ni mo fi mọ̀ pé àwòrán náà kù lára wọn. Ọjọ́ kan lè dé tí ọwọ́ ọ̀hún náà á dákẹ́. Ọlọ́run tó ni àwòrán ló ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe Màmá, kì í sì í ṣe àwa.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí ọkùnrin tó wá gbàdúrà nílé, tó ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́ lẹ́nu wọn. Àìsàn ọpọlọ ni, dókítà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Jákọ́bù ní ahọ́n tí a fi ń yin Olúwa náà la fi ń bú ènìyàn tí a dá ní àwòrán Ọlọ́run, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Má ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Bí àwọn ẹbí bá bínú, kí wọ́n pè mí.

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Aṣọ fífọ̀, òru àìsùn, àwọn ìbejì lẹ́yìn rẹ. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń bọ̀, èmi ni n ó wẹ̀ fún wọn títí di ọjọ́ Ajé, kí o lọ sùn.

Bí wọ́n bá tún bi ọ́ pé ta lò ń wá, má sọ pé, "Màmá, ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni?" mọ́. Kúnlẹ̀, kí o ní àwọn lo ń wá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ