Ẹni tó mọ ìbọn yìn kò tíì mọ sínúkà gbá o

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e jáde torí mo mọ̀ pé àwọn tọ́rọ̀ ọ̀hún kàn máa ń ka bébà yín lábẹ́ igi níbi tá a ti ń gbá sínúkà, eré tá a ti ń fi sítíìkì gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò ẹ̀gbẹ́ tébù. Mo mọ̀ pé púùlù lorúkọ ẹ̀ gan-an, sínúkà gidi bọ́ọ̀lù 22 ló ní tòun ti bọ́ọ̀lù funfun tá a fi ń gbá àwọn yòókù, tébù ẹ̀ sì gùn ju èyí lọ dáadáa, àmọ́ ní Òṣogbo níbí sínúkà la ń pe gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ n máa pè é bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ríwáyà mọ́tò ni mò ń ṣe ní Alékúwodò. Tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo ti fọwọ́ nìyẹn, ìdí tébù ló kàn. Lọ́jọ́ kan ni ọkùnrin kan wá bá wa níbẹ̀, ó ní iṣẹ́ ìbọn lòun ṣe títí tóun fi fẹ̀yìn tì, pé níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí pátákó, òun ló máa ń dá àárín àmì lu, pé ẹni tójú ẹ̀ bá ti gún tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń jẹ́ bọ́ọ̀lù àti ihò lójú ẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ gbà á gbọ́, ẹ ò sì lè bá wọn wí, torí kò sẹ́ni tí kò rí àwòrán bàbá ará Tọ́kì yẹn lórí fóònù, Yusuf Dikeç, tó kọwọ́ kan sápò ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, ẹni ọdún 51, awò ojú lásán ló wọ̀, kò de nǹkan kan mójú, ó la ojú méjèèjì sílẹ̀, òun àti Şevval İlayda Tarhan sì gba fàdákà lórí ìbọn ìléwọ́ oní-mítà 10. Àárín àmì tí wọ́n ń yìn ún sí yẹn, mílímítà 11.5 ni fífẹ̀ ẹ̀. Làwọn ọmọ bá ní ẹ fún bàbá Tọ́kì yẹn ní sítíìkì kẹ́ ẹ wò ó, ó máa gbá tébù mọ́ féú ni.

Bí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ṣe yọ owó àjọ ẹ̀ nìyẹn o, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ó fi ta lórí ọkùnrin oníbọn. Gémù méjì ni wọ́n gbá. Nínú èyí àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lọkùnrin yẹn gbá wọlé, nínú ìkejì, ó gbá funfun tí kò yẹ kó wọhò wọhò lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ yẹn ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Inú mi ò dùn rárá, owó tó ti ń tọ́jú láti ra tẹ́sítà tiẹ̀ ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí ni pé wọ́n ṣì ń sọ ọ́ kiri pé ẹni tó bá ti mọ ìbọn yìn ti mọ sínúkà gbá, pé ojú ni gbogbo ẹ̀. Kì í ṣojú ni gbogbo ẹ̀. Mi ò sì sọ pé kò sí nǹkan kan tó ń bá ọlọ́dẹ wá sídìí tébù o, ó wà, mo fojú mi rí i, àmọ́ kì í ṣe nǹkan táwọn èèyàn rò ni.

Àbúrò bàbá mi jẹ́ ọdẹ, Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè é, oko ẹ̀ wà lọ́nà Ìbòkun. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀ lé wọn lọ. Wọ́n á gbé agolo mílíìkì lé orí kùkùté, wọ́n á ka ọgbọ̀n ẹsẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á wá fi ṣakabùlà fojú sun ún. Ẹni tí kò bá lo ìbọn yẹn rí kò ní mọ̀ pé kì í dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fa tírígà, òòlù ẹ̀ á kọ́kọ́ já, iná á ṣẹ́ pàrà, ẹ̀tù díẹ̀ tó wà níta á gbiná lójú yín gbàà, ẹ̀yìn ìyẹn niná tó máa rọ́nà wọnú, kó tó wá dún gbòlà. Àárín ìgbà tẹ́ ẹ fa nǹkan yẹn sígbà tó máa dún, tó bá jẹ́ pé ẹ mira, tẹ́ ẹ gbórí sókè kẹ́ ẹ lè rí i bóyá agolo ṣubú, kò ní ṣubú. Bàbá á ní, "Dúró síbẹ̀! Dúró síbẹ̀ títí tí èéfín fi máa lọ." Àbàrá tí mo gbà lẹ́yìn orí nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ò níye.

Ìyẹn gangan ni mo wá bá nídìí sínúkà. Nǹkan tó ń ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ jẹ́ jù lọ ni pé wọn ò tíì gbá bọ́ọ̀lù tán tí wọ́n ti nàró, wọ́n fẹ́ tètè rí i bóyá ó wọlé, ara tó dìde yẹn ló sì ń fa sítíìkì yà sápá kan. Èmi ò níṣòro yẹn rí. Títí tí bọ́ọ̀lù fi máa dún kọ̀ǹgọ̀ nínú ihò, àgbọ̀n mi wà lórí sítíìkì. Ìbọn Bàbá ló kọ́ mi.

Ìkejì tún yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ mi yìí, mo lọ mú Bàbá Ọdẹ wá sí Alékúwodò kí n lè fojú ara mi wò ó, wọn ò di sítíìkì mú rí láyé wọn. Mo fi yé wọn pé bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ fẹ́ kó wọhò kọ́ lẹ máa gbá, funfun lẹ máa gbá, funfun ló máa lọ gbá a, tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ lẹ ti fẹ́ gé e, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi funfun sun àárín bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ máa fi ọkàn yàwòrán bọ́ọ̀lù míì tí kò sí níbẹ̀, tó fara ti èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbá lẹ́yìn, kí àwọn méjèèjì wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ihò, ibi tí bọ́ọ̀lù tí kò sí yẹn jókòó sí lẹ máa rán funfun lọ. Mo ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní nǹkan yìí tó gbà wọ́n ní oṣù kan. Bàbá wo tébù, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé nǹkan tó ò ń sọ látẹ̀ẹ̀kan nìyẹn? Ta ló máa ń yin ẹtu tó ń sáré níbi tó wà? Iwájú ẹ̀ là á yin, níbi tí kò tíì dé." Ó parí. Lójú ẹsẹ̀ ló yé wọn. Ẹni tó ń yìnbọn sí pátákó kò ní nǹkan yìí o, torí pátákó kì í sá lọ, ibi tẹ́ ẹ bá a lẹ máa yìn ín. Ọdẹ ti mọ̀ ọ́n mọ́ra láti máa fojú sun òfìfo. Bóyá ìyẹn náà ni kì í jẹ́ kí n gbà tí wọ́n bá ń fi ọlọ́dẹ wé ẹni tó ń yin àmì nìkan, àwa ọmọ Òròkí sì kọ́ ló yẹ ká fọ̀rọ̀ ọdẹ ṣeré, ọdẹ ni Tìmẹ́hìn tó tẹ Òṣogbo dó pẹ̀lú Láróòyè.

Àmọ́ ẹ wá wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Bàbá gbá a. Ojú gún, ara dúró, ibi tó yẹ kí funfun lọ yé wọn kedere, wọ́n gbá a, kò lọ síbẹ̀. Ọwọ́ ni. Ìbọn, ẹ máa fún un mọ́ èjìká gírígírí ni, ara ò gbọ́dọ̀ yẹ̀, ìka kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Sítíìkì, apá gbọ́dọ̀ fì, ọwọ́ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rọ̀ bí ẹni di ọmọ ẹyẹ mú, ó gbọ́dọ̀ lọ tààrà kó sì la ojú ibi tí funfun wà kọjá. Bàbá fún sítíìkì mọ́ ọwọ́ bí ẹni fẹ́ fi pa ejò, gbogbo iṣan ọwọ́ wọn yọ síta, wọ́n já a lójijì, ló bá ba funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, funfun bá bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lọ síbi tó wù ú. Ogójì ọdún tí wọ́n ti ń fún ìbọn mọ́ra kò ràn wọ́n lọ́wọ́ níbí yìí o, ó tiẹ̀ ń dí wọn lọ́wọ́ ni.

Ẹ sì jẹ́ n sọ ohun tó ń mú kí àṣìṣe sínúkà burú ju ti ìbọn lọ. Tẹ́ ẹ bá yìnbọn sí pátákó tó fi mílímítà kan yẹ̀, mílímítà kan ló yẹ̀, ó tán. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń gbá púùlù ní ìdíje àgbáyé fẹ̀ tó mílímítà 57. Ká ní bọ́ọ̀lù wà lọ́gangan iwájú ihò, mítà kan ló kù kó dé ẹnu ẹ̀, tí funfun bá fi mílímítà kan péré yẹ̀ nígbà tó kàn án, bọ́ọ̀lù yẹn á ti fi nǹkan bíi mílímítà 17 yẹ̀ kó tó dé ọ̀hún. Mílímítà mẹ́ta ńkọ́? Ṣẹ́ńtímítà márùn-ún ó lé díẹ̀ nìyẹn, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ihò ló máa lọ kọlù. Àṣìṣe ibí ń bímọ lójú ọ̀nà.

Ká wá ní ó tiẹ̀ wọlé. Ọdẹ yìnbọn, ẹran ṣubú, ó kù kó lọ gbé e. Ní sínúkà, ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọlé gan-an lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí níbo ni funfun dúró sí? Tẹ́ ẹ bá gbá a nísàlẹ̀ á fà sẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá gbá a lókè á tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ bá gé bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí funfun ń yọ̀ lọ láìyí, àwọn méjèèjì á pínyà bí igun ògiri, ọ̀kan gba ibí, ìkejì gba ọ̀hún. Ẹni tó gbá a dáadáa ti ń ronú bọ́ọ̀lù mẹ́ta síwájú. Ẹ̀tù inú ìbọn sì rèé, bẹ́ ẹ ṣe wọ̀n ọ́n lánàá lẹ máa wọ̀n ọ́n lónìí, bẹ́ẹ̀ agbára tẹ́ ẹ máa fi gbá bọ́ọ̀lù kan yàtọ̀ sí òmíì, ọwọ́ ló máa mọ̀ ọ́n, ọwọ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti gbá a ní àìmọye ìgbà. Níbí yìí lọkùnrin oníbọn yẹn ti sọnù pátápátá.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé nípa eré ìdárayá ní yunifásítì wá sílé, mo rò ó fún un. Ó ní, "Dádì, wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́." Ó ní láti ọdún 1901 ni Thorndike àti Woodworth, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé ìwọ̀nba ibi tí iṣẹ́ méjì bá ti jọra nìkan ni èyí tẹ́ ẹ mọ̀ ti lè ran èyí tẹ́ ò mọ̀ lọ́wọ́. Ó tún sọ̀rọ̀ obìnrin kan ní Kánádà, Joan Vickers, tó wo bójú àwọn eléré ṣe ń dúró sójú kan kí wọ́n tó gbé ara, pé àwọn míì tẹ̀ lé e dédìí ìbọn, wọ́n sì dédìí tébù lọ́dún 2002, pé níbi méjèèjì, ojú ọ̀gá máa ń pẹ́ lórí nǹkan tó ń wò ju ojú ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lọ. Inú mi dùn gan-an, nítorí ohun tí Bàbá fi àbàrá kọ́ mi lóko nìyẹn.

Ọ̀nà tí mo gbà ń tún ọwọ́ Bàbá ṣe rèé, ẹni tó bá wù lè gbìyànjú ẹ̀ nílé. Ẹ dá ìgò mínírà dùbúlẹ̀ lórí tébù, kẹ́ ẹ máa ti ẹnu sítíìkì wọ ẹnu ìgò yẹn kẹ́ ẹ sì máa fà á jáde, wọlé jáde, wọlé jáde, láìjẹ́ kó kan etí ìgò. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìgò ń dún kọn-kọn-kọn bí agogo. Ìrọ̀lẹ́ àná, Bàbá tì í wọlé lẹ́ẹ̀mọ́kànlá gbáko láìdún, lẹ́yìn náà wọ́n gé bọ́ọ̀lù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọhò igun, wọn ò sì gbórí sókè títí tó fi wọlé. Funfun náà tẹ̀ lé e wọhò. A ò tíì débi funfun.

Mo ti fi ẹgbẹ̀rún méjì kún owó ọmọ iṣẹ́ mi, mo sì ti sọ fún un pé kó má fowó ta lórí ẹnikẹ́ni mọ́ tí kò bá tíì rí ọwọ́ ẹ̀yìn onítọ̀hún níbi tó ti di sítíìkì mú. Ó kù nǹkan kan tí mo fẹ́ kí àwọn ọlọ́dẹ Ìkìrun, Ẹdẹ àti Ìràgbìjí tó ń ka ìwé yìí bá mi dáhùn sí. Ọwọ́ ọ̀tún ni Bàbá ń lò, àmọ́ ojú òsì wọn ló lágbára jù. Ẹ lè dán tiyín wò, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré, ẹ na apá, ẹ wo nǹkan kan tó jìnnà láti inú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa di ojú lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ dì tí nǹkan yẹn fi pòórá lọ̀gá. Lórí tébù, mo ti sún àgbọ̀n Bàbá díẹ̀ kí sítíìkì lè gba abẹ́ ojú òsì, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Lóko ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é pẹ̀lú ìbọn?

Èmi ni,
Ríwáyà kan ní Alékúwodò, Òṣogbo.