Ẹ Má Da Nẹ́gẹ́tíìfù Nù: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Ya Fọ́tò Lókè Òkun

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston àti Toronto, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń dúró de físà ní Èkó. Ọ̀kan nínú yín ló jẹ́ kí n mú bírò. Ó wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó." Fọ́tò ìyá arúgbó kan ni, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bà lé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó dára gan-an. Mo ní kí ló tún kù. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó ní ìyókù ò tó ohun tí èmi ń wò, pé fọ́tò aṣọ ni, àwọn tó ń ta ṣòkòtò àti bùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbéṣẹ́ fún òun, òun kàn fi ń san owó ilé ni. Ó wá bi mí pé ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò ní ba iṣẹ́ ọnà òun jẹ́.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ mo rántí pé èmi náà bi ọ̀gá mi ní ìbéèrè yẹn ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi ò dá mi lóhùn. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù mẹ́rìndínlógún ló kó lé mi lọ́wọ́ pé kí n jókòó kí n máa gé e.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ọkùnrin ará Gánà kan dá a lóhùn. James Barnor ni wọ́n ń pè é. Accra ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1929, ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ever Young ló pe ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tó ṣí ní Jamestown, àdúgbò kan ní Accra, ìyẹn ni pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ò ní darúgbó mọ́. (Oníbàárà wo ni ò ní fẹ́ràn irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀?) Ó ń ya ìgbéyàwó, ó ń ya ọmọ tuntun, ó sì ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn Daily Graphic. Ní December 1959, ó wọ Ìlú Ọba. Ó ṣiṣẹ́ ní Kent níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò aláwọ̀, ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, Medway College of Art. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn Drum ń gbéṣẹ́ fún un. Àwọn òbí yín á mọ Drum. South Africa ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1951, ó sì tàn dé Èkó àti Accra. Nílé tiwa, bí bàbá mi bá kà á tán, ó di ti aládùúgbò, títí yóò fi já.

Ohun tí Drum fẹ́ ni ọ̀dọ́mọbìnrin adúláwọ̀ tó múra dáadáa, tí wọ́n á gbé síwájú ìwé kí ọjà lè tà. Òpópónà ni Barnor ti ń ṣe é. Ní 1966, ó mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Erlin Ibreck, lọ sí Kilburn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kó fara ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Ní 1967, ó gbé Mike Eghan, tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò BBC, dúró sí Piccadilly Circus lálẹ́, ọkùnrin náà la apá rẹ̀ gbalaja bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìlú Lọ́ńdọ̀nù tán. Nígbà tó padà sí Accra, ó ń bá wọn fọ fọ́tò aláwọ̀, ó sì ya kàlẹ́ńdà fún ilé iṣẹ́ epo. Iṣẹ́ oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀. Oníṣẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó ṣe é, wọ́n sanwó, oṣù yí po, àwọn ìyá ẹlẹ́pà fi ìwé ìròyìn náà di ẹ̀pà.

Ó tún padà wá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1994. Nígbà tó di 2010, Autograph, ẹgbẹ́ onífọ́tò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, pàtẹ àwọn fọ́tò rẹ̀. Ní 2021, tó ti lé ní ẹni 90 ọdún, Serpentine, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó iṣẹ́ ayé rẹ̀ jọ fún gbogbo ènìyàn wò. Mo lọ. Fọ́tò tí wọ́n fi di ẹ̀pà nígbà náà ni mo bá lára ògiri, àwọn ènìyàn káwọ́ sẹ́yìn níwájú rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kún un láti ọdún 1966. Ẹ̀bùn ló kọ́kọ́ gbé e débẹ̀, n ò jiyàn. Àmọ́ mo mọ àwọn ẹlẹ́bùn n'Íbàdàn tí ẹnikẹ́ni ò rí iṣẹ́ wọn mọ́, torí eku àti òjò ló jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Barnor tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí a fi ń tẹ fọ́tò jáde.

Ọmọ tiwa náà wà nídìí Autograph o. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1988 fún àwọn onífọ́tò aláwọ̀ dúdú, Rotimi Fani-Kayode ni alága àkọ́kọ́. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1955, àwọn òbí rẹ̀ sá wá sí Brighton lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba 1966. Òun ò ya fọ́tò aṣọ. Ìhòòhò ọkùnrin àti ọ̀ràn òrìṣà ni tirẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò dà irú ọmọ tí àwọn òbí òun fọkàn sí. Ọ̀pọ̀ àwa àgbà ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, mo wà lára wọn, ojú sì ń tì mí báyìí. Ó kú ní December 1989, ẹni ọdún 34. Ẹgbẹ́ tó bá wọn dá sílẹ̀ ló wá gbé àgbà ará Gánà yẹn jáde lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún. Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ọnà, ẹ má fojú di àwọn tó ń ya aṣọ. Ẹ ò mọ ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún ẹnìkan.

Ẹni tí kò tiẹ̀ kúrò nílé náà mọ èyí. J.D. 'Okhai Ojeikere tó ya irun àwọn obìnrin wa, ó tó bí ẹgbẹ̀rún fọ́tò, ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà l'Ékòó ló ti ń gbowó oṣù nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n ní 1968.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Fọ́tò aṣọ ló kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀ nípa àwọ̀ ara wa. January kan, wọ́n ní kí n ya ọmọbìnrin kan tó wọ ẹ̀wù àwọ̀ elésè àlùkò nínú yìnyín. Mo gba ohun tí mítà kámẹ́rà, èyí tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, sọ gbọ́. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù tán, ẹ̀wù ló hàn, ojú ọmọ dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò. Yìnyín ló tan mítà jẹ: ó rí funfun rẹpẹtẹ, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì dín in kù. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ojú ẹni tí mò ń yà ni mo ti ń wọn ìmọ́lẹ̀. Kámẹ́rà tiyín gbọ́n ju tèmi lọ, àmọ́ ẹ dán an wò nínú yìnyín kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ó ku ohun tí n ò fẹ́ sọ. Láàárín 1980 sí 1990, kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í ya òwàm̀bẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìròyìn oge kan, n ò ní dárúkọ wọn, gba ogójì sláìdì (fíìmù fọ́tò aláwọ̀) lọ́wọ́ mi, wọn ò dá a padà títí dòní. Ìyẹn dùn mí. Àmọ́ ta ni mo fẹ́ bá jà lórí èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe? Nígbà tí a kó kúrò ní fúláàtì wa ní 1991, mo da báàgì dúdú márùn-ún nù, nẹ́gẹ́tíìfù ìgbéyàwó ló kún inú wọn. Mo ní kí lẹnikẹ́ni fẹ́ fi ìgbéyàwó mẹ̀kúnnù ṣe. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wá láti mùsíọ́mù, ó ń wá fọ́tò àríyá Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìgbà yẹn gan-an, gèlè, léèsì, ìnáwó orí ẹni, gbogbo rẹ̀. Mo po tíì fún un. N ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè fún un.

Tiyín ò ní kú sínú báàgì, inú háàdì díráìfù ni yóò kú sí. Ẹ ní méjì, ẹ gbé ìkejì sílé ẹlòmíì. Ẹ sì ka àdéhùn kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nílẹ̀ yìí, láti August 1989, ẹni tó ya fọ́tò ló ni ín, àyàfi tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gá kan ló yà á lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fẹ́lòmíì. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó sanwó fún un ló sábà ń ni ín. Ẹ̀tọ́ yẹn á wà fún àwọn ọmọ yín títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín. Oníṣòwò tó bá kọ ọ́ pé òun gba gbogbo ẹ̀tọ́, níbi gbogbo, títí láé, ẹ bi í pé èló ni títí láé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọdún kan ló nílò.

Ẹ kọ orúkọ. Torí wọ́n mọ orúkọ la fi ń pe ọmọbìnrin Kilburn yẹn ní Erlin Ibreck lónìí, dípò "ọmọge dúdú kan". Ẹ kọ ti ẹni tó wọ aṣọ, ti ẹni tó rán an, ti ẹni tó wé gèlè, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Àpótí méjì ló ṣẹ́kù fún mi, mo sì ń gbìyànjú. Ọ̀kan wà níwájú mi báyìí, gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Camberwell, 1987, obìnrin mẹ́ta wọ léèsì kan náà. Mo mọ ti àárín. Ìyàwó mi ní Màmá Ìjẹ̀bú ni ti ọwọ́ ọ̀tún, àmọ́ Màmá Ìjẹ̀bú mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ́ wa nígbà náà, mẹ́ta nínú wọn ló sì ti dolóògbé. Mo fẹ́ pe ẹni kẹrin lórí fóònù lọ́la, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀.

Èmi ni bàbá yín,
Onífọ́tò Peckham