Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ṣeé Sọ Lórí Fóònù

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé òtútù Manchester kò tíì gbé ọ mì? Ǹ bá pè ọ́, àmọ́ bàbá àwọn ọmọ wà nílé, etí wọn sì mú. Jókòó ná. Mo tún ti ra ilẹ̀.

Má tíì pariwo. Mo mọ ohun tí mo fẹnu ara mi búra lẹ́yìn wàhálà ilẹ̀ Mọ́wé: pé n kò ní í ra ilẹ̀ mọ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko, ajẹ́ǹtì kankan ò rójú mi. Bí mo bá rí "ilé yìí kì í ṣe títà" lára ògiri, inú mi á dà rú.

Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni. Láti 2023 tí èbúté Lẹ́kí ti ń ṣiṣẹ́, kò sígbó tí wọn ò kọ́ géètì sí mọ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ, géètì ńlá, òdòdó lọ́tùn-ún lósì, a wọlé, omi! Bàtà rẹ tó rì ní Mọ́wé ni mo rántí, ẹ̀rín pa mí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo béèrè ìwé kí n tó béèrè iye. Awọnlẹ̀ mi gbé sọ́fè wọn lọ sí Aláùsá: ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tipẹ́. Ajẹ́ǹtì ní ti ìdílé ni láti ìwáṣẹ̀. Mo ní láti 1978 lòfin ti fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, kí ìdílé lọ bá a níbẹ̀.

Èkejì ni mo rà, ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì péré. Ìjọba ti yọ ilẹ̀ abúlé tó wà níbẹ̀ kúrò nínú èyí tí wọ́n gbà, ó wà nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba. Látìgbà tí òfin Èkó ti 2016 tó ka fífi ipá gba owó lórí ilẹ̀ léèwọ̀ ti dé, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ò pè é ní owó fáúńdéṣọ̀n mọ́, "owó ìdàgbàsókè" ni. Ọwọ́ tí wọ́n ń nà ò yí padà.

Ìyá mi ń kí ọ, ojú wọn ti ń ríran, àbígbẹ̀yìn mi ti wọ fásitì.

Oorun ò kùn mí mọ́, ọ̀rẹ́ mi. Láago mẹ́ta òru ni mò ń yọ ìwé náà lábẹ́ agbada gàrí, mà á tan iná fóònù, mà á wò ó bóyá orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀. Owó àjẹsẹ́kù ni mo fi rà á, èyí tí bàbá àwọn ọmọ rò pé ó wà nílẹ̀ fún òrùlé Ìjẹ̀bú.

Ìwọ ni wọ́n máa ń gbọ́ tiẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, bá mi fọgbọ́n mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọlé. Jọ̀ọ́, má dárúkọ òrùlé.

Àjọkẹ́ rẹ