Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa tá à ń bá kó ìdọ̀tí: ìdí tí owó ilẹ̀ fi gbé sókè

Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù wa ní Ṣómólú, Bàrígà àti Fàdéyí, ẹ̀yin tẹ́náǹtì, ẹ̀yin ìyá oníbúkà, ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin ọ̀gá onítẹ̀wé tí maṣíìnì yín kì í sinmi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìfaradà àsìkò yìí, ọjà á tà o.

Bílì tuntun ti ń dé ọwọ́ kálukú báyìí. Àwọn kan ti pè wá, àwọn míì dá ọkọ̀ dúró lójú títì tí wọ́n ń bi àwọn ọmọ wa pé kí ló dé tówó ilẹ̀ fi gbé sókè tó báyìí, ṣé góòlù ni wọ́n ń kó ni. A ò bínú rárá, ẹni tó ń sanwó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ eléyìí fúnra mi, kí n má gbé e fún ọmọ ọ́fíìsì. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé owó tẹ́ ẹ̀ ń san yìí, kì í ṣe tìtorí pé wọ́n gbé dọ́sìbìn yín dà sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyẹn ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí àwọn ọmọ ti ṣe é tán. Ìrìn tí ìdọ̀tí yẹn máa rìn lẹ́yìn tó bá ti kúrò ní géètì yín lówó ń bá lọ, títí táá fi dé Olúsosùn, ààtàn ńlá tó wà ní Ọjọ́ta, tí wọ́n á dà á sílẹ̀, tí ọkọ̀ á sì padà wá kó ti àdúgbò míì. Ẹni tó wà nílé, lójú tiẹ̀, gbàrà tí ọkọ̀ bá ti yà ní kọ́nà ó ti parí, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Láti Fàdéyí sí Ọjọ́ta kò jìnnà, gbogbo yín lẹ mọ̀, Ikorodu Road náà ni. Ìlà ló ń pa wá. LAWMA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ìdọ̀tí, máa ń sọ pé ìdọ̀tí tí Èkó ń mú jáde lójúmọ́ tó 13,000 tọ́ọ̀nù, ẹ wá ronú sí i pé ibi tí wọ́n lè dà á sí ò ju mélòó kan lọ, Olúsosùn, Solous ní Ìgàndò, àtàwọn tó wà lápá Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ PSP, ìyẹn ti àwọn aládàáni tó ń kó ilẹ̀, láti àdúgbò tí ò lóǹkà ló ń forí lé Olúsosùn kan náà, ti LAWMA fúnra wọn náà ń bọ̀, gbogbo wọn á wá tò jọ lẹ́nu géètì, wọ́n á máa sún díẹ̀ díẹ̀ bíi danfo nínú gó-síló, dísù ń jó, owó ò sì wọlé. Ọkọ̀ tó yẹ kó kó ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, tó bá ti há sórí ìlà báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ló máa kó. Awakọ̀ ń gbowó ọjọ́ ẹ̀, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ń gbowó ọjọ́ tiwọn, owó ọ́fíìsì ò dín, ilé tá a ráyè kó ló dín. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Tó bá wá di àsìkò òjò, àánú awakọ̀ á ṣe yín. Orí ààtàn ò ní kọ́tà o, orí ìdọ̀tí àtijọ́ lọkọ̀ ń gùn, òjò á ti rin ín gbindin, táyà á rì, àfi kí katapílà wá tì í jáde, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà á dúró, ìlà á tún gùn sí i. Irin àti ìṣó á gún táyà, omi dúdú tó ń sun jáde lábẹ́ ìdọ̀tí á máa jẹ irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i tí òjò rọ̀ lemọ́lemọ́ tí ọkọ̀ ò sì dé lọ́jọ́ tó yẹ, orí òkè yẹn ló há sí.

Dísù ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ṣebí ti sọ́bsídì ni, ọjọ́ tí Tinubu gorí oyè ní 29 May 2023 tó ní sọ́bsídì ti lọ. Rárá o, bẹntiróòlù nìyẹn. Dísù ti kúrò nínú sọ́bsídì tipẹ́tipẹ́, bó bá ṣe rí lọ́jà la ṣe ń rà á. Ní January 2022 lítà dísù ò tíì pé 300 náírà, ogun Russia àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní February, kó tó di àárín ọdún yẹn ó ti lé ní 600, nígbà tó fi máa di 2024 ó ti kọjá 1,000 dáadáa. Ẹ wá fi ìlà Olúsosùn yẹn sí i.

Náírà náà tún já wálẹ̀. Kó tó di June 2023 dọ́là kan ò tíì tó 500 náírà ní báńkì, nígbà tó fi máa di February 2024 ó ti ń lọ sí 1,500. Èyí kan yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí ọkọ̀ tó ń fún ìdọ̀tí pọ̀ yẹn, tòkunbọ̀ ni, pọ́ǹpù ẹ̀, hóòsì ẹ̀, síìlì ẹ̀, táyà ẹ̀, òótọ́ ni pé ọjà Ládípọ̀ la ti ń rà á ṣùgbọ́n òkè òkun ló ti wá, oní pátì ò sì ní ta á fún wa ní iye ọdún 2021 nítorí pé ilẹ̀ la fi ń kó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àwọn ọmọ tó ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Gbogbo yín lẹ mọ̀ wọ́n lójú, àwọn míì nínú yín máa ń fún wọn lómi tútù, Ọlọ́run á bù kún yín. Ní July 2024 ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà, ìjọba Èkó sì ní ti àwọn òṣìṣẹ́ tòun máa jẹ́ 85,000. Ẹni tó ń fọwọ́ gbé ìdọ̀tí àwọn ẹlòmíì látàárọ̀, mi ò lè sọ fún un pé kó máa gba iye tó ń gbà kí gbogbo nǹkan tó wọ́n báyìí, mi ò sì ní sọ ọ́ láéláé. Ìbọ̀wọ́, bàtà òjò, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, gbogbo ẹ̀ wà nínú bílì yẹn. Ẹ sì jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ìgò tó bá fọ́, bíléèdì, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún aláìsàn nílé, ẹ má jù ú sínú ọ̀rá lásán. Ẹ fi páálí wé e, tàbí kẹ́ ẹ kó o sínú agolo tó ní ìdérí. Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ń wọ inú ọ̀rá yẹn.

Àwọn àgbà ní ilẹ̀kílẹ̀ l'ààtàn ń gbà, àmọ́ ààtàn Èkó ti ń kún. Láti bíi 1992 ni wọ́n ti ń da ilẹ̀ sí Olúsosùn, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìta ìlú, ẹ wo ilé àti ọ́fíìsì tó yí i ká lónìí. Ní March 2018 iná sọ níbẹ̀, èéfín bo Ọjọ́ta àti Kétu, wọ́n tì í fúngbà díẹ̀, àwọn tó wà l'Ékòó lọ́dún yẹn rántí bí ìdọ̀tí ṣe pọ̀ lójú títì. Ìjọba ti wá sọ báyìí pé àwọn máa ti Olúsosùn àti Solous pátápátá, àwọn á ṣe ibi tí wọ́n á ti máa ṣà á, tí wọ́n á máa tún un lò. Mo fara mọ́ ọn, ó dára fún àwọn tó ń gbé ládùúgbò yẹn, wọ́n ti fara da òórùn tó. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká máa gbé ilẹ̀ Ṣómólú lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìrìn ọ̀hún ti di nǹkan míì, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé àwọn á kúkú máa gbé e fún àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri, ó pọ́ọ́kú. Mi ò ní bú àwọn èèyàn yẹn, oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń dà á sí? Wọn ò lè ti kẹ̀kẹ́ dé Olúsosùn. Inú kánàà ni, abẹ́ bíríìjì ni, òru ni wọ́n máa ń lọ dà á. Òjò á rọ̀, gọ́tà á kún, omi á wọ yàrá àwọn tó wà nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti dá lọ sápá ọ̀sà ní Bàrígà. June 2024 tí kọ́lẹ́rà pààyàn l'Ékòó, a ò tíì gbàgbé. Ìjọba ò sì fọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń gbé ilẹ̀ fún wọn lè san owó ìtanràn tó ju bílì wa lọ fíìfíì.

Ó wá ku ohun tẹ́ ẹ lè ṣe tí ìrìn yẹn á fi dín, torí ohun tí ò bá wọ ọkọ̀, a ò ní gbé e lọ tò sórí ìlà.

Omi ni àkọ́kọ́. Dọ́sìbìn tí ò ní ìdérí, òjò á rọ̀ sí i, lítà omi kan kílò kan ni, a wá ń fi dísù olówó ńlá gbé omi òjò lọ sí Ọjọ́ta. Tí ọkọ̀ bá sì fún un, omi ọ̀hún á sun jáde sójú títì, òórùn tẹ́ ẹ máa ń bínú sí lẹ́yìn tá a bá lọ, òun nìyẹn. Ẹ wá ìdérí sí i, kódà kó jẹ́ páànù àlòkù. Ẹ̀yin ìyá oníbúkà wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sẹ́ omi ọbẹ̀ àti omi ìrẹsì kẹ́ ẹ tó dà á sínú ọ̀rá. Nǹkan bí ìdajì ìdọ̀tí Èkó, nǹkan tó ń jẹrà ni, òun ló wúwo jù. Láti January 2024 tí Tokunbo Wahab, kọmíṣọ́nnà ètò àyíká l'Ékòó, ti fòfin de páàkì onífóòmù, mo rí i pé àwọn kan nínú yín ti padà sí ewé, àwọn míì ń ní kí oníbàárà mú kúlà wá látilé, inú mi dùn sí i gan-an ni. Ewé á jẹrà, fóòmù ò lè jẹrà láyé wa. Láti 1 July 2025 òfin náà ti kan ife àti síbí onírọ́bà tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan dànù náà.

Yẹ̀pẹ̀, búlọ́ọ̀kù fífọ́ àti táìsì, ẹ má dà á sí dọ́sìbìn. Ó ń ba háídúrọ́líìkì jẹ́, típà ló ń kó ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń tún ilé ṣe ẹ pè wá, a máa sọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá.

Ẹ̀yin onítẹ̀wé, ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi jù. Pépà tẹ́ ẹ ń gé dànù ní Ṣómólú, owó ni, àwọn tó ń rà á wà, ṣùgbọ́n tí íńkì dídà tàbí oúnjẹ bá ti kàn án ó ti bàjẹ́ nìyẹn. A fẹ́ máa fún yín ní àpò ọ̀tọ̀ fún pépà àti páálí, ọkọ̀ kékeré lá máa kó o, kò ní dé Olúsosùn rárá, owó tá a bá rí níbẹ̀ a máa yọ nínú bílì yín. Ìyẹn náà kan rọ́bà omi àti agolo mọ́líìtì fún àwọn ilé. Ẹ rántí àwọn Wecyclers tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ ní 2012, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ gba rọ́bà àti ọ̀rá nílé àwọn èèyàn, wọ́n sì ń fún wọn ní póíǹtì tí wọ́n á fi gba nǹkan. Kì í ṣe nǹkan tuntun l'Ékòó, àwa náà lè ṣe é títì sí títì.

Ní ti owó, ilé kọ̀ọ̀kan ní iye tiẹ̀, fúláàtì, yàrá kọ̀ọ̀kan àti ṣọ́ọ̀bù ò lè san iye kan náà, ẹ wo bílì yín. Àkáǹtì tó wà lórí ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ sanwó sí, ẹ má fún ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lówó bílì lọ́wọ́. Ẹni tí ò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan náà, kó wá sí ọ́fíìsì ká pín in sí méjì, a kì í dójú ti èèyàn. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ti gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́náǹtì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa san án, torí ilé tó bá jẹ gbèsè, ilé tó ń san déédéé ló ń bá a gbé ẹrù ẹ̀.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ń wá sí títì kálukú ò yí padà. Ẹ gbé dọ́sìbìn síta kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má gbé e síta látàná, ajá á tú u. Tí ọkọ̀ bá fo títì yín, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lókè bílì lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ sọ orúkọ títì àti nọ́ńbà ilé. Ẹ̀yin onítẹ̀wé tẹ́ ẹ fẹ́ àpò pépà, nọ́ńbà kan náà ni, ẹ sọ iye àpò tẹ́ ẹ fẹ́, àwọn ọmọ á gbé e wá nígbà tí ọkọ̀ bá tún ń bọ̀.